Ìpolówó Búrẹ́dì ní Ọjà Inísà

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ka ìpolówó tí mo kọ fún yín." Inú Adéjọkẹ́ ń dùn débi pé kò lè jókòó.

Àbẹ̀kẹ́, ìyá rẹ̀, ń kó búrẹ́dì gbígbóná jáde nínú ààrò ní Òkúkù. Wọn kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ọjà kò sì yá rárá. Bí búrẹ́dì bá tún kùtà ní Inísà lónìí, ìyá ti pinnu láti pa ààrò tì, kí ó padà sí oko bàbá rẹ̀. Adéjọkẹ́ yóò sì fi iléèwé sílẹ̀, yóò tẹ̀ lé e.

Adébáyọ̀, tó máa ń fi gbohùngbohùn polówó ọjà láti inú ọkọ̀, ti ṣèlérí láti ka ohunkóhun tí Adéjọkẹ́ bá kọ.

"Sáà sọ ohun tí búrẹ́dì yóò ṣe fún ẹni tó bá rà á," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó mọ Yorùbá jù ní kíláàsì rẹ̀? Oríkì ìyá rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti kọ.

Nígbà tí wọ́n dé ọjà, Adébáyọ̀ gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ afínjú tí í gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ọlọ́lá tí í fún àlejò níjòókòó..."

Èrò wọ́ jọ. Ìyá àgbà kan jó wá síwájú Àbẹ̀kẹ́.

"Ẹ kú oríire o. Oyè wo lẹ jẹ?"

Àwọn mìíràn ń kí i pé yóò jẹ ẹ́ pẹ́. Wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n sì lọ ra ata wọn. Búrẹ́dì ṣì kún apẹ̀rẹ̀. Ojú ti Adéjọkẹ́.

Àtọ́kẹ́, obìnrin tó ń ta aṣọ nítòsí, na ọwọ́ tẹ búrẹ́dì kan wò. "Èyí mà rọ̀ o. Èyí tí mo rà lánàá ti le kí ilẹ̀ òní tó mọ́. Àwọn ọmọ mi ò rí i jẹ lọ síléèwé."

"Mà, ṣé bó ṣe máa ń rí fún àwọn ìyá yòókù nìyẹn?" ni Adéjọkẹ́ bi í.

"Ta ni kì í rí bẹ́ẹ̀ fún?"

Kíá ni Adéjọkẹ́ fa bíró yọ. Adébáyọ̀ yọjú wo ohun tó ń kọ.

"Fi kún un pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni yóò fi rọ̀. Ta ni yóò padà wá bi ọ́?"

Ó wu Adéjọkẹ́ láti kọ ọ́, nítorí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. "Màmá, ìgbà wo ló máa ń le?"

"Ó máa ń rọ̀ lónìí àti lọ́la. Tó bá di ọ̀túnla, àfi kéèyàn fi tíì mú un rọ̀."

"Bọ̀dá Adébáyọ̀, ohun tí ẹ máa kà náà nìyẹn."

Gbohùngbohùn tún ké: "Ẹ̀yin ìyá, ṣé búrẹ́dì àná ti le mọ́ àwọn ọmọ yín lọ́wọ́? Búrẹ́dì Àbẹ̀kẹ́ rọ̀ lónìí, ó rọ̀ lọ́la. Tó bá di ọ̀túnla, ẹ po tíì sí i. Ẹ wá tọ́ ọ wò kí ẹ tó rà."

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n wá, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sì rà á. Kí ọjà tó tú, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo, ayọ̀ Adéjọkẹ́ sì kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Adébáyọ̀ kò tíì la ẹnu tí àwọn oníbàárà ti ń dúró dè wọ́n, nítorí pé gẹ́lẹ́ bí Adébáyọ̀ ṣe polówó búrẹ́dì náà ni wọ́n ṣe bá a.

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Adéjọkẹ́ ti wá mọ̀ pé ẹni tó ń polówó kì í ki ara rẹ̀. Ohun tó ń dun oníbàárà ni yóò sọ, kò sì ní purọ́ fún un.

"A ò lọ sóko mọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Múra iléèwé rẹ."