Igi Méjì fún Olóhùn

Orí àkàbà ni káfíńtà wà, tó ń tún fèrèsé ṣe nínú gbọ̀ngán tí ẹgbẹ́ akọrin ti máa ń dánra wò, nígbà tí ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. Oòrùn àárọ̀ bà lé e léjìká. Ó dúró láàárín àwọn àga òfìfo, ó tún ọrùn ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètè ṣe bùrùrùrù bí ọmọ ọwọ́ tó ti yó. Ẹ̀rín pa káfíńtà débi pé ìṣó tó há sẹ́nu bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ará òkè," ọmọbìnrin náà wí láì gbójú sókè, "ẹ̀rín wo nìyẹn?"

"Ẹ má bínú. Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín?"

"Ohùn mi ni mò ń jí. Ṣé ẹ̀yin kì í pọ́n ayùn kẹ́ ẹ tó fi rẹ́ igi ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ káfíńtà lára. Ó fẹ́ fèsì, àmọ́ ikọ́ ti mú ọmọbìnrin náà. Eruku igi ni. Káfíńtà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn: ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ́n omi sílẹ̀, ó gbá gbogbo ẹ̀ mọ́, ó sì ní òun á padà wá tí wọ́n bá kọrin tán. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń fi ọ̀rọ̀ dídùn wá ìyàwó. Ìgbálẹ̀ ni òun fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi di olólùfẹ́ ara wọn. Ohùn ni ọmọbìnrin náà fi ń jẹun, ó sì ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹyin. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mu omi látàárọ̀ dalẹ́, kì í dúró di ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́. Bí ọ̀fun bá ń yún un, kì í fi agbára ha á. Á gbé itọ́ mì, á sì ní sùúrù. Kì í pariwo pe ẹnikẹ́ni ní títì, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀sì ló ń fi í sílẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá igi ní ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kí káfíńtà gbọ́ ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà. Ó bá gé igi pẹlẹbẹ méjì, ó fá wọn jọ̀lọ̀, ó fi okùn so wọ́n pọ̀, ó sì kó wọn fún ọmọbìnrin náà.

"Tó o bá ti dé, gbá wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Má pariwo pè mí."

"Ọ̀gbẹ́ni Ayùn, tó ò bá gbọ́ ńkọ́?"

"Olóhùn mi, etí tí kò bá gbọ́ tìẹ, ti ta ló fẹ́ gbọ́?"

Ìyá ọmọbìnrin náà ni kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Òun náà ti kọrin rí, tí ìlú ń pé lé e lórí. Ní báyìí, ohùn rẹ̀ ti há, kò lè dé ìdajì yàrá.

"Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn ohùn obìnrin kì í jẹ́ kó sinmi," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Bàbá ẹ fẹ́ràn tèmi. Ọ̀fìnkìn ń ṣe mí lọ́jọ́ náà, ó ní kí n ṣáà kọ ẹyọ kan fáwọn ọ̀rẹ́ òun. Mo kọ ọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù nìyí. Sọ fún káfíńtà ẹ kó má wá síbí mọ́."

Ọmọbìnrin náà sunkún. Káfíńtà ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Ìyá ò jẹ̀bi," ó ní. "Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀gá tó kọ́ káfíńtà níṣẹ́ fẹ́ ṣe àpèjẹ láti fi ṣọ́ọ̀bù kan lé e lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ fún gbogbo àlejò pé àfẹ́sọ́nà òun á kọrin. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tọ́jọ́ pé, ọ̀fìnkìn ti ki ọmọbìnrin náà mọ́lẹ̀. Ìyá bá a lọ, kó lè máa ṣọ́ ọ.

"Ìyàwó wa, orin dà?" ọ̀gá kígbe. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Ọmọbìnrin náà fẹnu sún mọ́ etí káfíńtà. "Màá rọra kọ ẹyọ kan," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Nítorí ẹ ni."

Káfíńtà rántí. Olóhùn yìí kan náà ló sọ fún un rí pé bí ọ̀fun bá ti ń ṣàìsàn, kéèyàn má sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rárá, pé ìyẹn gan-an ń dá kún un. Ó rí ìyá ọmọbìnrin náà tó dijú pinpin. Ó bá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, kò ní kọrin lónìí. Èmi ni mo ṣèlérí ohun tí kì í ṣe tèmi."

"O fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Kò ní kọrin."

Ọ̀gá ti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà bọ àpò padà, ó sì jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, káfíńtà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, lábẹ́ ọ̀gá tí kì í dá a lóhùn mọ́.

Dókítà ní kí ọmọbìnrin náà má sọ̀rọ̀ rárá fún ọjọ́ mẹ́wàá. Káfíńtà ò lọ wò ó, torí ìyá ti ní kó má wá. Ó dùn ún wọnú eegun. Ó ń gbọ́ ìró igi méjì níbi tí igi ò sí.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ẹ̀rọ ń pariwo lọ, ló bá gbọ́ ọ: ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó pa ẹ̀rọ, ó sáré jáde. Ìyá ló bá lẹ́nu ọ̀nà, igi méjì náà lọ́wọ́.

"Mo pè ọ́ títí, ohùn mi ò dé ọ̀dọ̀ ẹ," ìyá wí. "Ọmọ mi máa lanu sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Kò yẹ kó jẹ́ èmi nìkan ni màá gbọ́ ọ."

Káfíńtà wẹ eruku ara rẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ. Ìyá dúró dè é.

Ọmọbìnrin náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Káfíńtà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Olóhùn mi, mi ò rí ṣọ́ọ̀bù gbà mọ́. Ṣé wàá fẹ́ mi? Tí ohùn ò bá tíì jí, má dáhùn. Mo lè dúró."

Ọmọbìnrin náà mu omi díẹ̀. Ó fi ètè ṣe bùrùrùrù. Káfíńtà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Màá fẹ́ ẹ," ó wí. Ohùn náà kéré, ó sì mọ́ gaara.

Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n káfíńtà àti ìyá nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó tó fún òní," ìyá wí. "Mu omi ẹ."