Tíṣà Tó Tẹ̀lé Wa Wálé

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, mo fa Mùlíkátù ọmọ mi lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé kan ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ na ọwọ́ gba orí, kí wọ́n fi kan etí kejì, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti dàgbà tó. Mùlíkátù wo àwọn tó wà níwájú rẹ̀, òun náà na ọwọ́ tirẹ̀, ó kan etí dáadáa.

"Kí lorúkọ ẹ?" ọ̀gá ilé ìwé bi í.

Ọmọ mi ń wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, kó tó gbójú sókè wò mí.

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí. "Ibà líle kan ló ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Láti ìgbà náà ni kò ti gbọ́ràn mọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀."

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Odi lẹ mú wá? Ẹ mú un padà sílé, ẹ kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́."

Ojú tì mí, àmọ́ kò yà mí lẹ́nu. Súbérù tó bí ọmọ náà ti kọ̀ mí sílẹ̀ tipẹ́, ó ní kò sí odi nínú ìran àwọn. Mo yí padà. A ò tíì jìnnà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa.

"Ìyá ọmọ, ẹ dúró!"

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ṣọ́ọ̀kì kún gbogbo ìka rẹ̀. Ó ní Tìrìmísíyù Bádéjọ lorúkọ òun, ọmọ Ìkòròdú, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní.

"Níbo lẹ̀ ń gbé? Bí wọn ò bá gbà á níbí, èmi á máa wá kọ́ ọ nílé."

"Kí lẹ fẹ́ kọ́ ọ, Tíṣà? Ọmọ tí kò gbọ́ràn?"

"Ó gbọ́ràn. Ojú ló fi ń gbọ́ ọ. Ta ló sọ fún un pé kó na ọwọ́ sí etí?"

Mo fi ọ̀nà ilé hàn án. Bó ṣe tẹ̀lé wa nìyẹn dé ibi tí mo ti ń yan ẹja létí ọ̀sà.

Láti ọjọ́ náà, bí ilé ìwé bá ti jáde, Tíṣà á dé. Á gbé ẹpìyà kan sókè, á fi ọwọ́ ṣe bí ẹja ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, á sì kọ EJA sórí iyanrìn. Mùlíkátù á kọ tirẹ̀.

"Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe é," ó wí fún mi.

"Èmi kẹ̀? Èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí B?"

"Bí mo bá lọ sílé lálẹ́, ta ni yóò máa bá sọ̀rọ̀?"

Báyìí ni èmi náà ṣe di ọmọ ilé ìwé láàárín èéfín. Àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni oorun. Ìka mẹ́ta sí ẹnu ni oúnjẹ. Mùlíkátù fúnra rẹ̀ ló wá orúkọ fún Tíṣà: á fi àtàǹpàkò ra ìka bí ẹni ń gbọn ṣọ́ọ̀kì nù. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún kọjá, ọmọ yìí kàn ń ya lẹ́tà bí ẹni ń ya àwòrán ni. Kò mọ̀ pé a lè fi wọ́n sọ ohun tó wà nínú ẹni.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀," ni mo wí lọ́jọ́ kan. "Ẹ ti gbìyànjú."

"Ó ti rẹ̀ yín ni? Kò tíì rẹ̀ mí."

Nígbà òjò, Mùlíkátù kò fẹ́ jẹun mọ́. Mo rò pé oríkunkun ni. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti àwo ẹ̀kọ dànù, inú bí mi, mo sì gbá a létí. Ó ké, ó sáré lọ mú èédú nídìí iná, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: EYIN. Ó wá ń nawọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mo pe lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo la ẹnu rẹ̀. Eyín kan ti jẹrà, èrìgì ti wú pupa. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni mo gbá.

Mo gbé e mọ́ra, mo sunkún. Ọdún mélòó ni ọmọ yìí ti ń ní ìrora tí mò ń pè é ní oríkunkun?

Nígbà tí Tíṣà dé tó rí ògiri náà, ó fi ṣòkòtò funfun rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó sọ̀rọ̀! Rọ̀kí, ọmọ wa sọ̀rọ̀!"

Àwa méjèèjì gbọ́ ohun tó wí. Kò tíì pè mí ní Rọ̀kí rí, Ìyá Mùlí ló máa ń pè mí. Ọmọ wa! Mo wo ilẹ̀.

"Kì í ṣe àṣìsọ," ó wí jẹ́jẹ́. "Rọ̀kíbátù, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Bí o bá rẹ́rìn-ín nínú èéfín yìí, kì í wù mí kí n padà sílé."

"Tíṣà, dálémoṣú ni mí."

"Olólùfẹ́ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. N kò béèrè ẹni tó kọ̀ ọ́."

Inú mi dùn débi pé ẹja jóná lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi fọwọ́ sí i. Ó ní ọkùnrin tó fẹ́ràn ọmọ kó tó fẹ́ràn ìyá kò ní fi ẹni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ku ìyá Tíṣà. Nígbà tí Iléyá dé, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú, lójú ọ̀nà Tíṣà sì kọ́ Mùlíkátù bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òun àti ti ìlú náà.

Màmá gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, àfi ìgbà tó rí i tí Mùlíkátù ń fi ọwọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ṣú. Mo gbọ́ ọ nínú yàrá: "Tìrì, mo bẹ̀ ọ́. Mo ti sin Sìlífátù. N kò lágbára àtitọ́ odi mìíràn."

Ìgbà náà ni Tíṣà tó sọ fún mi. Àbúrò rẹ̀ ni Sìlífátù, kò gbọ́ràn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ọkọ̀ ẹrù gbá a nítòsí Gáréèjì. Gbogbo èèyàn ń pariwo, kò sì gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá lọ ra ata, Mùlíkátù sì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tó fi padà wá ní òun nìkan, gèlè rẹ̀ ti já sí ọrùn.

"Mi ò rí i mọ́! Ní Gáréèjì! Mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí i mọ́!"

A sáré jáde. Ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde, fèrè ń dún. Orúkọ ọmọ mi wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi igbe ṣe? Tíṣà ń wo abẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Màmá ń pe Sìlífátù, kò mọ̀ pé òun ń ṣì í pè. Wọ́n pe ìrun Àsárì, a ò tíì rí i.

Lójijì, ohùn awakọ̀ kan dún: "Ta ló mọ Tíṣà Bádéjọ níbí o?"

"Èmi ni!" ni Tíṣà wí.

Awakọ̀ náà di ọmọ mi mú lọ́wọ́. "Èédú oníbọ̀ọ̀lì lọmọ yìí mú, ó kọ̀wé sára mọ́tò mi. Mo ti fẹ́ bínú, kí n tó kà á. BADEJO TISA IKORODU. Ló bá di kí n máa kígbe kiri."

A sáré sí i. Màmá ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fọwọ́ kan orí rẹ̀, èjìká rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀. Mùlíkátù fajú ro, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ kíákíá.

"Kí ló ń wí?" Màmá bi mí.

"Màmá, ẹ má bínú... Ó ní ẹ̀yin lẹ sọnù. Ó ní òun ti ń wá yín kiri láti àárọ̀, ẹsẹ̀ sì ń dun òun."

Màmá wò ó. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e.

"Sìlífátù kò bá mi wí rí," ó wí. "N kò mọ̀ pé irú wọn máa ń fẹ́ báni wí. N kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń wù ú jẹ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí mọ́ra. "Ìyàwó mi, ẹ mú ọjọ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Wọ́n so yìgì wa ní Ẹ̀pẹ́ ní oṣù kẹwàá. Bí àlùfáà ti ń ṣàdúà, Tìrìmísíyù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ aṣọ, mo sì mọ̀ pé ọkàn òun náà ti balẹ̀.

Lẹ́yìn àdúà, Màmá fẹ́ sọ fún Mùlíkátù pé kó wá jẹun. Àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ ló gbé sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mùlíkátù wo oòrùn tó wà lókè, ó wo Màmá, ó wá nà gbalaja sórí ẹsẹ̀ Màmá, ó di ojú, bí ẹni tó ti sùn lọ. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ó la ojú kan. Ó fa ọwọ́ Màmá, ó ká ìka méjì mọ́lẹ̀, ó sì gbé mẹ́ta tó kù lọ sí ẹnu rẹ̀. Màmá tún un ṣe fúnra rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó gún régé. Mùlíkátù dìde, ó lọ bu oúnjẹ àwọn méjèèjì wá nínú àwo kan.