Ìpọn Bàbá Ọláòtán

Ta ni màá purọ́ fún, kí n sì fi jèrè kí ni? Lásúnwọ̀n ní Ìkòròdú ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Ẹni tí kò bá gbà, ihò ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Sàlàkọ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń yọ́ kóńdẹ́m, ìyẹn irin àlòkù, á fi da ìkòkò ọbẹ̀. Bàbá Ọláòtán, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti kú. Omi ló pa á. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí omi bá há sínú irin yíyọ́, ńṣe ló máa bú gbàmù, á fọ́n iná sí gbogbo èèyàn lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ to kóńdẹ́m sẹ́bàá iná kó gbẹ. Tí ọ̀gá bá rí i pé ó gbẹ, á fi ìpọn irin rẹ̀ kan etí agbada iná: kó, kó, kó. Ìpọn náà ṣì wà lára ògiri. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ náà, Súbérù tó ń ta kóńdẹ́m gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi wá láti Ẹ̀pẹ́.

"Ṣé ó gbẹ?"

"Wọ̀láhì, ó ti gbẹ."

Òjò ń ṣú. Sàlàkọ́ kánjú, kò tẹ́ ẹ sẹ́bàá iná rárá. Ó jù ú sínú agbada. Bí Wùnmí ìyàwó rẹ̀ ṣe gbé oúnjẹ wọlé nìyẹn, tòun ti oyún tí wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án wá.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Iná dákẹ́. Títì dákẹ́.

Omi yọ nínú ẹ́ńjìnì, ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó dúró sórí irin yíyọ́. Kò hó. Sàlàkọ́ fẹ́ ké sí Wùnmí pé kó sá, ohùn kò jáde. Ẹ̀rù bà á débi pé ó ń sunkún.

Kó. Kó. Kó.

Ó wo ògiri. Ìpọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà, ó tutù.

Ó bu omi náà, ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé, ó dà á nù. Ìgbà yẹn ló tó bú. Gbàmù! Ilẹ̀ dá ihò, iyẹ̀pẹ̀ bo òrùlé.

"Ọkọ mi, kí lẹ dà nù?"

"Omi ni."

"Omi wo ló ń dún báyẹn?"

Sàlàkọ́ dì mọ́ ọn, tọmọ-tọmọ.

Nígbà tí wọ́n wọlé, ìpọn ti wà lára ògiri. Súbérù búra pé òun kọ́ ló gbé e kọ́ síbẹ̀.

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Láràárọ̀, kí Sàlàkọ́ tó ju irin kankan síná, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ògiri.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Gbogbo rẹ̀ ti gbẹ."

Lẹ́yìn náà, á dúró títí yóò fi gbọ́ ìró ìpọn nígbà mẹ́ta.