Ìwé Ìpíngún Alágbàfọ̀ àti Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣe Ẹlẹ́rìí

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Baba Alágbàfọ̀. Bọ́tìnnì àti òwú lèmi ń tà. Tí wọ́n bá ti ń lọ aṣọ lọ́hùn-ún, ooru á gba ara ògiri wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

Lẹ́yìn tí ìyàwó wọn kú ni etí Baba bẹ̀rẹ̀ sí í di díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà á wọlé, á kí wọn títí, Baba ò ní gbọ́, wọ́n á kọ̀yìn sí i, wọ́n á máa lọ aṣọ wọn lọ. Ẹni náà á bínú gba ibòmíràn lọ. Iṣẹ́ ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ilé ìtọ́jú ẹranko tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko tí mọ́tò kọ lù àti èyí tí olówó rẹ̀ lé síta. Wọ́n fún Baba ní ajá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé. Wọ́n kọ́ ọ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti wọlé, kó máa fi imú ti Baba lẹ́sẹ̀. Wọn ò gba nǹkan kan. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta la sọ ajá náà. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń padà bọ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo lọ́dọ̀ wọn. Baba ti ránṣẹ́ pe lọ́yà kó wá bá wọn ṣe ìwé ìpíngún, ọmọ wọn obìnrin, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bá adití jiyàn ò lè ní àṣírí: gbogbo òpópónà ló ń gbọ́ ọ. Èmi ò lè jókòó, mo bá yọjú.

"Ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi ló ni ín," ni Baba ń sọ. "Owó tó bá kù ní báǹkì, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí ẹ fún ilé ìtọ́jú ẹranko ní ọ̀kan. Ìyókù, ọmọ mi ni."

"Ẹranko kẹ̀!" ọmọ wọn pariwo. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́! Wọ́n á ní ajá ló jogún yín!"

Baba rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí etí mi di, kí ni mo fi san owó ilé ìwé rẹ? Ṣebí iṣẹ́ yìí náà ni? Ta ló wá bá mi gbé iṣẹ́ yìí dúró? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni."

Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ẹ ṣeun. Mi ò tiẹ̀ rò ó débẹ̀ rárá." Ó bá dìde, ó mú bírò. "Èmi fúnra mi ni màá fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ṣe ni wọ́n lù yín ní jìbìtì."

Inú Baba dùn dọ́ba. Àmọ́ kí bírò tó kan ìwé, lọ́yà ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé náà.

"Ẹ dúró ná! Tí ẹ bá fọwọ́ síbẹ̀, ilé tí Baba pín fún yín lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

"Ilé tí èmi àtàwọn ọmọ mi ń gbé?"

"Òun náà ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí ìwé ìpíngún lè pàdánù ohun tí wọ́n pín fún un nínú rẹ̀. Ọkọ tàbí ìyàwó ẹni tó máa jogún ò gbọdọ̀ ṣe é pẹ̀lú. Kódà, ẹ má pe òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú ẹranko. Ẹni méjì tí kò ní gba ohunkóhun ni mo fẹ́."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ Baba. Baba bá yíjú sí mi.

"Ìyá Bọ́tìnnì, ìwọ ńkọ́?"

"Háà! Ṣé báyìí ni mo ṣe máa mọ̀ pé n ò jogún nǹkan kan?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Baba ń bèèrè ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín, ọmọ wọn bá tún un pariwo, wọ́n sì rín tiwọn lẹ́yìn wa. A pe ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lódìkejì wá ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Lọ́yà kọ orúkọ tí ilé ìtọ́jú náà fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kì í ṣe èyí tí àwa ń pè é ládùúgbò. Ó tún ṣàlàyé pé ajá ò lè ní owó, nítorí náà kí Baba yan ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀. Ọmọ wọn ní òun ni. Baba fọwọ́ síwèé lójú àwa méjèèjì, àwa náà sì fọwọ́ sí i lójú wọn.

Ọdún tó kọjá ni Baba jáde láyé. Kò síjà, kò sí ẹjọ́. Ọmọ wọn ṣì wà nínú ilé rẹ̀, òun àti Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta. Nígbà tí owó yẹn jáde, kò fi ránṣẹ́ lásán. Ó gbé mi sínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó ṣófo, a jọ lọ sí ilé ìtọ́jú ẹranko náà. Dókítà ẹranko ló wá pàdé wa lẹ́nu géètì.

"Bàbá mi ní kí n wá dúpẹ́," ló wí, ẹkún sì gbà á. Dókítà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, tí ẹranko bá ti ṣe yín lóore rí, ẹ lè fi ẹ̀bùn sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú wọn láìfi nǹkan kan du ọmọ yín. Bó ti wù kó kéré tó, ó tó. Ẹ sọ fún ará ilé yín kí wọ́n má baà bá a lójijì. Ẹ lọ bá lọ́yà tó mọ òfin ibi tí ẹ ń gbé. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà bó ṣe wà lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó máa jogún yín fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí, bó ti wù kó fẹ́ràn yín tó. Ọpẹ́ tí a bá kọ sílẹ̀ bó ṣe tọ́ kì í bá olúwa rẹ̀ wọ sàréè.