Bàlúùnù Tó Balẹ̀ Sóko Fẹ̀yìntọlá

Lọ́dún 1991, òjò kọ̀ kò rọ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Àgbàdo ń gbẹ lórí ìdúró. Fẹ̀yìntọlá, ìyá ìjọ Kérúbù àti Séráfù, bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, nǹkan funfun rọra balẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó tóbi ju ìkòkò aró lọ, páálí kékeré kan so mọ́ ọn nídìí. Ẹlòmíì ì bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀.

Àwọn ọmọ ìjọ fà á wọ ilé àdúrà. Páálí wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan funfun náà léfòó lórí okùn rẹ̀, ó lọ fara ti àjà.

Alàgbà Rufus pariwo pé, “Halelúyà! Ìdáhùn dé! Ẹ jẹ́ ká tan àbẹ́là méje yí i ká.”

Fẹ̀yìntọlá fúnra rẹ̀ ló mú ìṣáná. Bó ṣe fẹ́ ṣá a, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan sì sáré wọlé.

“Mà, ẹ dákun, ẹ má ṣáná!”

Rufus ní, “Ta nìwọ? O fẹ́ dí iṣẹ́ Ẹ̀mí lọ́wọ́ ni?”

Obìnrin náà kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, bàbá. Adétutù lorúkọ mi. Àwa tá a ń wo ojú ọjọ́ la tú bàlúùnù yìí sókè láàárọ̀. Ó jò ló ṣe tètè bọ́, mo sì ń tọ ipa rẹ̀ bọ̀ látìgbà náà. Gáàsì inú rẹ̀ yára gbaná ju bẹntiróòlù lọ.”

Fẹ̀yìntọlá wo Motúnráyọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ń fi okùn bàlúùnù ṣeré. Ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Yéè! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi jó ọmọ mi!”

Gbogbo wọn jáde. Adétutù fa bàlúùnù síta, ó tú gáàsì rẹ̀ dànù ní gbangba.

Fẹ̀yìntọlá béèrè pé, “Ṣé ó lè mú òjò wá?”

“Rárá, mà. Ẹ̀rọ inú páálí ló ń wọn òtútù àti ọ̀rinrin òkè, ó tún ń wọn ìtànṣán tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ wá. Owó kékeré la fi ń ṣe é, kò dà bíi ká háyà bàálù. Ohun tó bá kà nípa ojú ọjọ́, òun la fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ gbìn.”

“Nígbà náà, mú páálí rẹ máa lọ kíákíá, ọmọ mi. Àgbàdo wa ò lè dúró mọ́.”

Ẹ̀yin ará wa, àdúrà dáa. Ṣùgbọ́n bí irú nǹkan báyìí bá já bọ́ ládùúgbò yín, ẹ má gbé e wọlé, ẹ má tú páálí rẹ̀, ẹ má tan iná tàbí mu sìgá nítòsí rẹ̀. Ẹ lé ọmọdé sẹ́yìn, kí ẹ ránṣẹ́ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀ tàbí olùkọ́ abúlé. Ohun tá ò bá mọ̀, ẹ jẹ́ ká béèrè ká tó ṣáná sí i.