Ìlà Ṣọ́ọ̀kì

"Kí ìlà méjèèjì máa wo ara wọn. Má ṣe yí i kọjá ibẹ̀."

Gbénró fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára bọ́tìnì sípíkà kọ̀ọ̀kan, ó sì fa òmíràn sára àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yéjídé, ọmọ rẹ̀, dúró tì í lẹ́yìn aṣọ ìkélé nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Míta ni mo fi wọn ohùn àwọn méjèèjì," ni bàbá náà wí. "Níbi ìlà yìí, ohùn wọn dọ́gba. Etí ò gbọ́n tó bó ṣe rò. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá lọ sókè díẹ̀ ló máa pè ní èyí tó dùn."

"Mo ti gbọ́, bàbá mi."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Yéjídé. Adéníkẹ́ ìyá rẹ̀, olórí akọrin ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ajángbádì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan ní sàréè. Ìjọ fẹ́ ra sípíkà tí wọn yóò fi ṣe ìrántí rẹ̀. Gbénró, tó ń tún rédíò ṣe ní Ìyànà Ìbà, fi oṣù mẹ́rin ṣe ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ìkejì wá láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Alábà. Àwọn àgbà ní kí ìjọ fi etí yàn láìfojú rí i. Orin tí Adéníkẹ́ kọ sínú fóònù ni wọn yóò fi dán wọn wò. Yéjídé ni wọ́n ní kó yí bọ́tìnì. Ta ni wọn ì bá tún fọkàn tán ju ọmọ olóògbé lọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Fọláyẹmí, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti dá a dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n Fọláyẹmí ló ni ṣọ́ọ̀bù Alábà yẹn.

"Ọmọ onírédíò, fóònù rẹ tí wọ́n fi rọ́bà dì yẹn ṣì ń gba ìpè?"

"Ó sàn ju ẹnu rẹ lọ."

"Tuntun kan wà nílẹ̀ fún ọ. Ṣáà yí sípíkà tiwa kọjá ìlà díẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Yéjídé yà á kọjá, ó wọlé lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọwọ́ rẹ̀ dáhùn.

Ti bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọrin. Ìjọ ń mi orí sí i. Nígbà tí ìkejì bẹ̀rẹ̀, Màmá Títílayọ̀, tí òun àti Adéníkẹ́ jọ ń kọrin, bú sẹ́kún. "Adéníkẹ́ rèé. Ó dà bí ẹni pé ó dúró níbí."

Ọwọ́ nà sókè káàkiri fún ìkejì. Gbénró náà na tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ká aṣọ ìkélé, ó wá gbé sípíkà rẹ̀. Ó rí i pé ìlà ti Alábà kò wo ara wọn mọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò, kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

"Mo rò pé ìyá rẹ ni mo gbọ́," ni ó rọra wí. "Ohùn rẹ̀ lo fi tàn mí."

Lọ́jọ́ ìrántí, wọ́n yí sípíkà Alábà sókè kí ohùn lè dé ìta. Ohùn rẹ̀ há, ó ń fọ́, ó sì dákẹ́ láàárín orin Adéníkẹ́. Wòlíì ìjọ ránṣẹ́ sí Gbénró pé kó gbé tirẹ̀ wá.

"Mo ti tú u palẹ̀, sà," ni èsì rẹ̀.

Nílé, Yéjídé kúnlẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò gbé ohùn sókè.

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Míta ń wọ̀n, etí ń gbọ́, àwọn méjèèjì ò wúlò bí ọwọ́ tó wà láàárín wọn kò bá jẹ́ olóòótọ́. Dìde."

Fóònù tuntun tí Fọláyẹmí fún Yéjídé dára. Ó ti da orin ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀. Títí di òní, kò tíì lè tẹ orin náà gbọ́. Bí bàbá rẹ̀ bá sì fẹ́ dán rédíò kan wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á ní kí Yéjídé kọ́kọ́ bọ́ síta.