Jẹnẹrétọ̀ Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Àgbà

Ní ilé ẹbí kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ohunkóhun tí gbogbo agbo ilé bá jọ ní, iwájú yàrá àgbà ilé ni wọ́n ń gbé e sí. Ibẹ̀ ni ìkòkò àsè wà, ibẹ̀ ni àga àlejò wà. Èrò wọn ni pé kò sí olè tó máa ré ẹsẹ̀ àgbà kọjá. Àṣà rere ni. Òun náà ló sì pa Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ni àgbà ilé nígbà náà, òun ló sì tọ́ Àlímọ̀t, ọmọ ọmọ rẹ̀, dàgbà. Ẹja dídì ni Àlímọ̀t ń tà ní Adéníji Adélé, fíríìsà rẹ̀ sì wà nílé. Nígbà tí iná kò wá déédéé mọ́, ó ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Bí fíríìsà bá ti fẹ́ gbéra báyìí, jẹnẹrétọ̀ á húkọ́ bí ẹni tí ata há lọ́fun, á sì kú. Ẹja jẹrà, òórùn gba gbogbo ilé.

Ni ará ilé bá dáwó jọ láti ra ńlá tí gbogbo wọn á jọ máa lò. Àlímọ̀t gba ọjà Apọ́ngbọ̀n lọ. Ọkùnrin tó ń tajà bi í pé, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi gbé gan-an?"

"Gbogbo nǹkan," ni Àlímọ̀t wí. "Èyí tó tóbi jù yẹn ni kí ẹ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ kékeré."

Lóòótọ́, ńlá yìí gbé fíríìsà, ó gbé fáànù gbogbo yàrá. Ṣùgbọ́n ó wúwo kọjá sísọ. Àwọn géńdé tó gbé e wọlé ń mí hẹlẹ. Ta ló fẹ́ máa gbé irú ẹ̀ jáde lójoojúmọ́? Wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà, wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ òpó, wọ́n ní kí Ìyá bá àwọn ṣọ́ ọ. Wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ kí èéfín lè jáde, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé.

"Àlí, orí ń fọ́ mi. Èébì sì ń gbé mi."

"Ìyá, ẹ ò jẹun dáadáa ni."

"Mo jẹun o. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé, bí mo bá jókòó sẹ́nu géètì, á fi mí sílẹ̀. Bí mo bá tún wọlé, á tún dé."

Àlímọ̀t bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kúkú sọ pé òfófó àdúgbò lẹ fẹ́ lọ gbọ́ níta!"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Àlímọ̀t fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, ó ní kó lọ sùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, arúgbó yìí ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń pa á, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò dé tìjàtìjà. Haneefah, ìyàwó ilé, ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kí omi má baà ba jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ jẹ́, ó sì gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ó rò pé ire lòun ṣe. Ìyá ti kírun Àílà tán, ó ti fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú yàrá.

Nígbà tí Àlímọ̀t fi ti ọjà dé, jẹnẹrétọ̀ ń dún kíkankíkan. Ó kan ilẹ̀kùn. "Ìyá! Ẹ dìde, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ fún yín." Ó wọlé. Ìyá sùn sórí ẹní ìkírun, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlímọ̀t jí i, jí i, kò mira.

Ní ọsibítù, Dókítà Ìbídùn béèrè gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó wọlé lọ, ó sì tún jáde. "Ẹ má bínú. Ìyá ti lọ."

"Lọ síbo? Orí ló kàn ń fọ́ wọn! Mo fún wọn lóògùn!"

"Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Májèlé kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónósáìdì. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá sùn kì í mọ̀ tó fi ń pa á."

"Ṣùgbọ́n à ń ṣílẹ̀kùn!"

"Ilẹ̀kùn ṣíṣí ò tó, Àǹtí. Inú ilé náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ní bí wọ́n bá bọ́ síta, orí fífọ́ yẹn ń lọ, àbí? Èéfín ló fà á."

Àlímọ̀t jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òfófó ló pè é. Ó fẹ́ sunkún, ẹkún ò wá. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Wọ́n sin Ìyá. Bí àwọn aáfà ṣe ń lọ, Bàbá Ṣéhù, àbúrò Ìyá, tó ti di àgbà ilé báyìí, pe àwọn géńdé. "Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn wá síwájú yàrá mi. Èmi ló kàn."

Àlímọ̀t ò tíì sọ ohun tí dókítà wí fún wọn, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n ti ń tú ṣéènì kí Àlímọ̀t tó fi igbe ta, tó dì mọ́ irin náà. "Bàbá, ẹ dákun! Ikú lẹ ń pè síbi ilẹ̀kùn yín!"

"Àṣà ilé wa ni, Àlímọ̀t."

"Àṣà náà ló pa Ìyá! Dókítà ní èéfín jẹnẹrétọ̀ yìí ni!"

Bàbá wo ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí níta. Kò sí. Ilé kan ilé ni, fèrèsé ẹlòmíì ló wà lẹ́yìn ògiri. Wọ́n tà á. Àlímọ̀t ń kó ẹja rẹ̀ sí fíríìsà tó ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù lọ́jà, yàrá Ìyá sì wà ní títì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ìta gbangba ni ibi jẹnẹrétọ̀, ó kéré tán kó fi ogún ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tiyín àti ti aládùúgbò, kí sàlẹ́ńsà rẹ̀, ihò tí èéfín ń gbà jáde, kọjú sí ibòmíràn. Bí òjò bá ń rọ̀ tí kò sí ìbòrí níta, ẹ pa á. Bí kò bá sí àyè bẹ́ẹ̀ nílé yín, ẹ má tan án rárá. Kí ẹ tó rà á, ẹ ṣírò wáàtì, ìyẹn iye iná tí ohun tí ẹ máa lò ń jẹ, pa pọ̀, kí ẹ rántí pé fíríìsà máa ń gba ìlọ́po mẹ́ta agbára rẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra. Èyí tó bá tó ni kí ẹ rà, tó sì ṣeé gbé jáde.

Ẹni tó bá ní orí ń fọ́ òun níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má fún un lóògùn kó lọ sùn. Ẹ gbé e síta, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má fi í ṣàwàdà. Gbogbo ohun tí Àlímọ̀t ń tọrọ báyìí ni kó tún mú Ìyá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kó mú un lọ jókòó sẹ́nu géètì.